Wọ́n ní Alájọ kówó jẹ: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan nípa àìsàn multiple sclerosis (MS) àti ìyára ọpọlọ

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan obìnrin alájọ yìí ni pé ó kówó àjọ jẹ. Oṣù Kejìlá ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀, ní gúúsù London, láàárín àwọn obìnrin 20 tí wọ́n jọ ń dá £200 lóṣooṣù. Ẹni tó kàn láti kó ti oṣù náà ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti sọ fún àwọn ará ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde pé òun ń bọ̀ wá ṣọdún. Ọjọ́ tí £4,000 yẹ kó wọ àkáǹtì rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ẹlòmíràn, tí tirẹ̀ ṣì ku oṣù kan, ni alájọ fi owó náà ránṣẹ́ sí. Ìyẹn náà ò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó ti fi san gbèsè. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ ti kọjá àṣìṣe, ó ti di "a ṣáà mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe obìnrin yẹn lọ́jọ́ mẹ́ta yìí." Ọ̀kan ní àìlówó ló ká a mọ́. Òmíràn ní ọtí ni. Ẹni tó fẹ́ ṣàánú rẹ̀ ní ayé ló ń bá a jà.

Alájọ ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó yá owó ní báńkì, ó san ti ẹni tó ń lọ sílé, ó ní kí wọ́n má bínú. Ó ti ń ṣe àjọ yìí bọ̀ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá láìsí ẹni tí kọ́bọ̀ rẹ̀ sọnù. Ìdí tó fi dákẹ́ ni pé òun alára ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ kò ní jáde níbí. Ó gbà kí n kọ ọ́, mo sì ti yí àwọn nǹkan kéékèèké padà kí ẹni tó mọ̀ ọ́n má baà dá a mọ̀. Alájọ ni n ó máa pè é. Iṣẹ́ tèmi ni kí n bá ẹni tí àìsàn ọpọlọ tàbí ti iṣan ń yọ lẹ́nu wá ọ̀nà tí yóò fi máa ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ: bí yóò ṣe dáná, bí yóò ṣe wakọ̀, bí yóò ṣe jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ láìṣe ara rẹ̀ léṣe. N kì í ṣe nọ́ọ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ni Alájọ ń pè mí títí di òní.

Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá àjọ. Akọ̀wé owó oṣù ni ní ilé-iṣẹ́ kan. Òun ló ń ṣírò ohun tí kálukú yóò gbà, owó orí, owó ìfẹ̀yìntì, ọjọ́ tí wọn ò wá. Iṣẹ́ tó máa ń parí ní agogo mẹ́rin ti ń di agogo mẹ́jọ alẹ́. Bí fóònù bá dún nígbà tó wà láàárín ìṣirò, kó tó gbé e sílẹ̀, ibi tó dé ti pòórá lórí rẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè ìwé. Ọ̀gá rẹ̀ ti kọ lẹ́tà sí i pé àwọn fẹ́ wò ó bóyá iṣẹ́ náà kò ti ju agbára rẹ̀ lọ. Nílé, gbólóhùn tí àwọn ọmọ ń sọ jù ni "Mọ́mì, a ti sọ fún yín." Ìrẹsì ń jóná nítorí pé ẹnìkan ń bi í ní nǹkan nígbà tó ń wò ó.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo ohun tó sọ ni ti òde. Ẹ mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lóde: ẹni mẹ́rin á máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnìkan á pa òwe dé ìdajì, òmíràn á já a gbà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ á máa gun orí ẹ̀fẹ̀. Alájọ, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ máa ń pa gbogbo tábìlì lẹ́rìn-ín, ti di ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti rẹ́rìn-ín tán. Èsì tó fẹ́ fọ̀ ń dé ẹnu rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó wá kúkú ń dákẹ́. Wọ́n ní ó ti ń gbéra ga.

Bí ẹ bá rí i tó ń rìn lọ, ẹ ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe é. Ó ti tó ọdún mẹ́fà nígbà náà tí wọ́n ti sọ fún un pé multiple sclerosis, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní MS, ni àìsàn rẹ̀. Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ ṣú, tó bá yí i padà á máa dùn ún. Ó rò pé gíláàsì ló fẹ́. Ojú náà là padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri. Wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ MRI, wọ́n rí àpá nínú ọpọlọ àti nínú ògóóró ẹ̀yìn, wọ́n fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó sì dájú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú MS ni pé àwọn ọmọ ogun tí ara fi ń bá kòkòrò jà yíjú sí ara fúnra rẹ̀, wọ́n ń jẹ myelin, ìyẹn ọ̀rá tó bo àwọn fọ́nrán iṣan nínú ọpọlọ àti ògóóró ẹ̀yìn. Níbi tí ọ̀rá náà ti ṣí, ìránṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ á máa falẹ̀, tàbí kó má tilẹ̀ dé. Lára ọ̀rá yìí máa ń hù padà díẹ̀díẹ̀. Fọ́nrán tó bá já pátápátá kì í padà.

Nílé kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí, èyí ò sì yà mí lẹ́nu. Àìsàn tí dókítà kì í sábà rí ní Nàìjíríà ni, ṣùgbọ́n ní Britain àwọn tó ní in lé ní 150,000, obìnrin sì tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ọkùnrin nínú wọn. Ọmọ ilé ìwé ni Alájọ nígbà tó dé London. Ó ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí ti kíyè sí i pé àwọn ọmọ tí àwọn ará Áfíríkà àti Caribbean bí sí Britain kì í bọ́ lọ́wọ́ MS bí àwọn òbí wọn tó dàgbà sí ilẹ̀ olóoru ṣe ń bọ́. Ẹni tó bá ṣì ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni, kó wo California: ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2013 ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà fi hàn pé MS tuntun ń mú obìnrin aláwọ̀ dúdú ju obìnrin aláwọ̀ funfun lọ.

Wàyí o, ẹsẹ̀ ni gbogbo ayé fi mọ MS. Òṣùwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò jù, èyí tí John Kurtzke tún ṣe jáde ní 1983, bí ènìyàn ṣe ń rìn ló gba ipò iwájú nínú rẹ̀. Alájọ ń rìn dáadáa. Omi oògùn ocrelizumab tí wọ́n ń fà sí i lára lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà ń ṣiṣẹ́. Àwòrán MRI ọdún yẹn ò fi àpá tuntun kankan hàn. Dókítà iṣan rẹ̀ kan orúnkún rẹ̀, ó ní kó rìn lọ rìn bọ̀, ó sọ fún un pé ara rẹ̀ wà lójú kan. Inú dókítà dùn, ó sì ní ìdí láti dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí Alájọ gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé bí kì í bá ṣe MS ló ń ṣe òun báyìí, a jẹ́ pé ìwà òun ló ti bàjẹ́, pé òun ti ya ọ̀lẹ. Kò sọ̀rọ̀ ìgbàgbé rárá ní yàrá yẹn. Wọn ò sì bi í.

Kì í ṣe pé ìmọ̀ yìí jẹ́ tuntun. Ní 1868 ni Jean-Martin Charcot, ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris, ti sọ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí àìsàn yìí pé ìrántí àwọn tó ní in ń rọ, pé èrò ń pẹ́ kó tó gbára jọ lọ́kàn wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dókítà pa á tì, tí wọ́n ń sọ pé ìdààmú ọkàn ni, tàbí pé kì í ṣẹlẹ̀ títí àìsàn yóò fi di ńlá. Ní 1991, Stephen Rao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán àwọn ènìyàn 100 tó ní MS wò, àwọn tó ń gbé ilé ara wọn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn 100 tí kò ní in. Ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní MS ni ọpọlọ wọn ti fara gbá a. Ẹsẹ̀ dídára kì í ṣe ẹ̀rí pé orí dára. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán MRI tí kò yí padà: ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kì í sábà rí àpá tó wà nínú èèpo òde ọpọlọ, kì í sì í sọ fún dókítà bóyá thalamus ti ń súnkì, ìyẹn apá kékeré kan láàárín gbùngbùn ọpọlọ tí ọ̀pọ̀ ìránṣẹ́ ń gbà kọjá.

Dókítà àdúgbò rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbìyànjú láti dán ìrántí rẹ̀ wò, lẹ́yìn tí lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ ti dé. Ó bi í ní ọjọ́ òní, ìlú tí wọ́n wà, ó ní kó tún ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ, kó máa yọ 7 kúrò nínú 100 lọ. Alájọ gba 30 nínú 30. Fún ẹni tó ń ṣírò owó oṣù ènìyàn, kí ni 93, kí ni 86? Ìdánwò yẹn, tó ti wà láti 1975, àrùn ìgbàgbé àgbàlagbà ló dára fún, kò sì sí aago nídìí rẹ̀. Irú èyí tí a ní ní Yorùbá náà kò ní ràn án lọ́wọ́: nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwakayode Osuntokun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bá àwọn ará Indianapolis pawọ́ pọ̀ ní àwọn ọdún 1990 láti wá àrùn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbà àdúgbò Idikan ní Ìbàdàn, wọ́n ṣe ìdánwò kan tí ẹni tí kò kàwé lè ṣe ní èdè rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì máa ń fi yangàn lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbí. Ṣùgbọ́n arúgbó tó ń sọnù lójú ọ̀nà ilé rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Alájọ mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Yóò gba gbogbo máàkì níbẹ̀ náà, wọn yóò sì tún sọ fún un pé kò sí nǹkan.

Ìdánwò tí a fi bẹ̀rẹ̀ tiwa rọrùn débi pé ènìyàn lè fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. SDMT ni wọ́n ń pè é. Lókè ìwé, àmì mẹ́sàn-án wà, oníkálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀ láti 1 dé 9. Nísàlẹ̀, àwọn àmì yẹn tò lọ bẹẹrẹ láìsí nọ́ńbà. Kí o máa wo òkè, kí o máa pe nọ́ńbà tó kan àmì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nìkan ni. Ìṣẹ́jú àáyá 90 péré. Kò sí ìwé kíkà nínú rẹ̀, kò sí ọgbọ́n kankan tí ènìyàn lè fi rẹ́ ẹ jẹ. Láti 2018 ni àwọn onímọ̀ ti dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa ṣe é fún gbogbo ẹni tó ní MS lọ́dọọdún, bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó bá kàwé tó Alájọ, tó sì wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, sábà máa ń kọjá 50. Alájọ pe 36. Kò ṣi ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Kò ṣi ẹyọ kan. Ẹni tí òye rẹ̀ ń lọ á máa ṣì í mú. Tirẹ̀ ń tọ̀nà, ó kàn ń pẹ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn mo ka ọ̀rọ̀ 16 sí i létí kó tún wọn sọ, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́ẹ̀kíní, ìba díẹ̀ ló mú. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú gbogbo rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, a ṣe nǹkan mìíràn, mo tún bi í: ohun tó ti wọlé ṣì wà níbẹ̀. John DeLuca àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní New Jersey ti sọ èyí láti 1994: bí wọ́n bá jẹ́ kí ẹni tó ní MS gbọ́ nǹkan títí yóò fi mọ̀ ọ́n dáadáa, kò gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn náà ju ẹlòmíràn lọ. Ẹnu ọ̀nà ni wàhálà wà. Nígbà tí mo fún un ní ìbéèrè ìrònú tí kò ní aago, ó yege ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nígbà tí mo ń ro máàkì rẹ̀ pọ̀, ó na ọwọ́ kọjá tábìlì, ó ní "Nọ́ọ̀sì, ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀." Òótọ́ ni.

Ibi tí mo ti wá rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí £4,000 nìyẹn. A ṣí ìwé àjọ náà. Ní oṣù Kẹsàn-án, ẹni tó ni ti Kejìlá àti ẹni tó ni ti oṣù Kínní fẹ́ pààrọ̀. Wọ́n wá bá a nílé, wọ́n jókòó, ó kọ ọ́. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n ní àwọn ti padà sí ti tẹ́lẹ̀. Orí fóònù ni, nínú bọ́ọ̀sì, níbi tí ọmọ kan ti ń ké, tí ọmọbìnrin tirẹ̀ ń bi í bóyá ibùdókọ̀ àwọn ti kọjá. Ó dáhùn pé "ó dáa." Ọ̀rọ̀ náà gba etí rẹ̀ kọjá kó tó ráyè wọlé, kò sì dé ìwé. Nígbà tí oṣù Kejìlá dé, ìwé ló tẹ̀ lé, ìwé sì ti di ti àtijọ́. Ẹ ó rí i pé ẹni tó gba owó náà mọ̀ pé kì í ṣe tòun. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìfàsẹ́yìn ọpọlọ ẹni tó ní MS ni MS fà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń yára parí ọ̀rọ̀. Mo ní kó kó gbogbo oògùn tó ń lò wá, títí kan èyí tí kò sí nínú ìwé dókítà. Ó kó wọn dé nínú àpò ọ̀rá. Oxybutynin wà níbẹ̀, tí wọ́n fún un nítorí pé MS ń mú kí ìtọ̀ máa gbọ̀n ọ́n lójijì. Ó ti ń lò ó ju ọdún kan lọ, wọ́n sì ti fi kún un. Chlorphenamine wà níbẹ̀, ìyẹn Piriton tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré, ó ń lò ó lálaalẹ́ kó lè sùn. Àwọn méjèèjì ń di ohun kan náà lọ́wọ́ nínú ọpọlọ: acetylcholine, kẹ́míkà tí ọpọlọ ń lò fún àfiyèsí àti ìrántí. Ẹni tó ń sùn pẹ̀lú Piriton, tí ìtọ̀ sì tún ń jí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru, kò sí bí orí rẹ̀ ṣe fẹ́ já geere láàárọ̀. Nígbà tí mo bi í nípa ọkàn rẹ̀, ẹkún ló fi dáhùn. Láti oṣù Kejìlá ni kò ti wù ú láti jí.

Dókítà rẹ̀ yọ oxybutynin kúrò, ó fi mirabegron rọ́pò rẹ̀, èyí tí kì í di acetylcholine lọ́wọ́. Piriton lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid àti fún vitamin B12, àwọn yẹn ò ní wàhálà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí ìbànújẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ò fẹ́ ẹ lákọ̀ọ́kọ́, ó ní àdúrà tó. Nígbà tí a tún ṣe SDMT lẹ́yìn oṣù díẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí àmì rẹ̀ yàtọ̀ kó má baà jẹ́ pé ó ti há a sórí, 41 ló pè. Máàkì mẹ́rin sókè tàbí sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ń kà sí ohun tó nítumọ̀ nínú ìgbé ayé ènìyàn, nítorí náà márùn-ún kì í ṣe kékeré. Kì í sì í ṣe 50. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀ gan-an, pé ó jọ pé àwọn oògùn yẹn ló jí márùn-ún yẹn gbé, pé èyí tó kù, ó jọ pé MS ni.

Ó béèrè oògùn ọpọlọ. Gbogbo wọn ló ń béèrè. Wọ́n ti dán donepezil, oògùn àrùn ìgbàgbé, wò lára àwọn ènìyàn 120 tó ní MS, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011: kò ṣe wọ́n ní àǹfààní kankan ju oògùn tí kò ní nǹkan nínú lọ. Memantine náà ò ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ìjẹ̀bú gbọ́ èyí, ó fi ìsọ̀yè ránṣẹ́ nípasẹ̀ ẹnìkan tó ń bọ̀ ní London, àgúnmu dúdú nínú ìgò, kí ó máa fi ọ̀rí ẹ̀kọ gbígbóná mu ún. Alájọ gbé e wá sọ́dọ̀ mi, ó ń wò mí bóyá n ó rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà fún wa ní ìsọ̀yè nígbà ìdánwò. Ohun tí mo sọ ni pé ocrelizumab ti dín àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ kù, kòkòrò tí ara ẹlòmíràn lè lé jáde lè di wàhálà sí i lára, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn fún wa. Kò mu ún. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun mu ún, pé ó dùn lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ní òun mọ̀ pé yóò ṣiṣẹ́, òun ló sì ń gba ọpẹ́ márùn-ún yẹn títí di òní.

Iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀ lórí àjọ, torí pé ibẹ̀ ni ọgbẹ́ rẹ̀ wà. Ó fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ jẹ́ ká yí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ padà ná. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin, ó mọ àwọn ènìyàn rẹ̀ jù mí lọ. Kò sí ìpààrọ̀ lórí fóònù mọ́: ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ yóò sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, ẹni tí kò lè kọ ọ́ yóò fi ohùn ránṣẹ́, kí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú tó parí. Ẹni kejì yóò fọwọ́ sí i kí owó tó lọ. Inú àwọn kan ò dùn. Ọ̀kan bi í pé ṣé wọ́n ti di báńkì ni, ó sì kúrò nínú àjọ. Màmá àgbà kan tó ti lé ní 70, tí mo rò pé yóò ṣòro fún jù, ló kọ́kọ́ fi ohùn ránṣẹ́. Ó kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oríkì kó tó sọ oṣù tó fẹ́.

Fún tító orúkọ, ọ̀nà kan wà tí Nancy Chiaravalloti àti DeLuca dán wò ní Kessler Foundation, ilé ìwádìí kan ní New Jersey, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013: wọ́n kọ́ àwọn tó ní MS láti máa yàwòrán ohun tí wọ́n fẹ́ rántí sọ́kàn, kí wọ́n sì hun ún di ìtàn, ìpàdé mẹ́wàá ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó sì ran ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ́wọ́. Mo kọ́ Alájọ bẹ́ẹ̀. Dípò kí ó há orúkọ gbogbo wọn sórí, ìyá aláṣọ di ẹja gbígbẹ sínú léèsì tuntun, ó gbé e lọ fún onídìrí, onídìrí fi okùn fóònù ìyá oníṣirò dì í nírun. Ìtàn burúkú gbáà. Ó ń pa á lẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, kò sì gbàgbé ipò ẹnikẹ́ni.

Ilé-iṣẹ́ ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ òfin Britain, Equality Act 2010, ẹni tó ní MS wà lábẹ́ ààbò láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún un pé òun ní in, bó tilẹ̀ ń rìn, bó tilẹ̀ ń sáré. Alájọ ò mọ̀. Kò tilẹ̀ sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé òun ní MS, ó ń bẹ̀rù àánú wọn ju ìbínú wọn lọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìrònú ó gbà kí ọ̀gá rẹ̀ àti ẹni tó ń mójú tó òṣìṣẹ́ mọ̀, àwọn méjì péré. A kọ lẹ́tà: yàrá tó dákẹ́ fún òwúrọ̀, kí fóònù má wọlé sí i láàárín agogo mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, kí owó oṣù má jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan mọ́, kí ìpàdé máa ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ lórí ìwé ṣáájú. Wọ́n gbà púpọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń di agogo mẹ́jọ padà sí agogo márùn-ún. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì kò ní ohun tó kù lára rẹ̀ mọ́, àárẹ̀ MS kì í ṣe èyí tí oorun ń mú lọ, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Wọ́n fún un. Owó rẹ̀ dínkù, gbèsè báńkì ti oṣù Kejìlá sì wà níbẹ̀. N kò ní irọ́ kankan láti pa nípa ìyẹn.

Ti ọkọ̀, ó ti sọ fún àwọn DVLA, ìyẹn àwọn tó ń mójú tó ìwé ìwakọ̀, nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí; a tún kọ̀wé sí wọn pé ìyára rẹ̀ ti yí padà. Wọ́n dán an wò lójú pópó, ó yege, wọ́n fún un ní ìwé ìwakọ̀ ọdún mẹ́ta. Òun fúnra rẹ̀ ló pinnu pé òun ò ní wakọ̀ lálẹ́ mọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tí a tún rí ara wa lẹ́yìn ọdún kan, SDMT rẹ̀ jẹ́ 40. Àjọ náà ti ń lọ láti ìgbà yẹn láìsí aáwọ̀, ẹni tó kúrò ti ní kí wọ́n gba òun padà; Alájọ ní òun ṣì ń rò ó. Kì í ṣe ìyẹn ló gbé wá. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ yí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò owó oṣù padà ní oṣù Kẹrin, ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́, ogún ènìyàn nínú yàrá kan. Ètò àtijọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n láìronú. Tuntun ni yóò ní láti gba ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn wọlé. A kọ̀wé pé kí wọ́n jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kínní, òun nìkan, ní wákàtí kan láàárọ̀, kí wọ́n sì gba ohùn ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ fún un. Ọ̀gá tó mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti lọ sí ibòmíràn. Tuntun ò tíì dáhùn.